Ẹ̀rọ Tó Mu Gbogbo Òróró Ilé Mi

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí láti ìgbà tí mo ti dé Toronto, Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ìdáná, tí mo sì tajú kán rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín nǹkan, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní deep fryer, ńṣe ni mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ̀yin náà lè rí tiyín rín.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́. Tọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, àwa méjèèjì sì ti fẹnu kò. Ó ku kí àwọn òbí rẹ̀ gbà. Mummy, ìyẹn ìyá rẹ̀, kò ṣòro. Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro mi, àwọn tí èmi náà ń pè ní Daddy. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Brooklin, lẹ́yìn odi Toronto, ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í ra ohunkóhun, ì báà ṣe abẹ́rẹ́, láì kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń tà á káàkiri ìlú. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

Ohun kan sì ti ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ kí ojú náà túbọ̀ le. Ọkọ tí ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́ fẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń se omi gbígbóná pàápàá. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Bó bá ti ṣe shift alẹ́ tán, ilé ìdáná ló ń wọ̀ tààrà kí ọkọ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Daddy gan-an. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ lórí fóònù, wọn kò bi mí nípa iṣẹ́ mi, wọn kò sì bi mí nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ.

“Night shift ni Tọ́pẹ́ máa ń ṣe,” ni wọ́n wí. “Tó bá délé, ta ló máa fún un lóúnjẹ?”

Mo ní èmi ni, Sir. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn àti Mummy ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ ara mi ni kí n fi sè é, Tọ́pẹ́ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Àkàrà gbígbóná àti ògì ló ń wu àwọn jẹ.

Bí mo ṣe gbọ́ àkàrà, mo mọ̀ pé wàhálà dé. Ìrẹsì, mo lè sè é. Ẹ̀bà, ta ni kò lè tẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí màmá mi ti bí mi, rírà ni mo ń ra àkàrà. Òróró gbígbóná sì máa ń bà mí lẹ́rù, torí ó ti ta sí mi lápá rí nígbà tí mo wà ní kékeré, láti ìgbà náà n kì í gbé èyí tó pọ̀ ka iná nínú ìkòkò. Dípò kí n sọ èyí, ẹnu mi sáré ṣáájú mi. Mo ní kò sí wàhálà, Sir, mo fẹ́ ra deep fryer, ìyẹn ni n óò fi dín in.

Ohùn Daddy yí padà. Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn náà ti ń wo ẹ̀rọ yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé àwọn kò tíì rí èyí tó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n wá bi mí bí òróró tí tèmi máa gbà ṣe pọ̀ tó.

“Díẹ̀ báyìí ni, Sir.”

Èmi tí n kò tíì mọ ẹ̀rọ tí mo fẹ́ rà, mo ti ń sọ òróró tó ń gbà. Nígbà tí Tọ́pẹ́ pè mí, mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú oríire ni. Ohun tó sọ fún mi ni pé, “Babe, this is serious o. If Daddy doesn't eat in your house, má wulẹ̀ kó àwọn èèyàn ẹ wá fún introduction.” Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ wò ó, yíyan ọjà ni iṣẹ́ mi. Ọ́fíìsì kan ní Meadowvale ló ń sanwó fún mi lóṣooṣù kí n lè máa wo ọjà tí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ń tà, kí n sì sọ èyí tó yẹ kí wọ́n rà. Nítorí náà, n kò ka ọ̀rọ̀ fryer sí nǹkan bàbàrà. Síbẹ̀, mo pe Auntie Fúnkẹ́, tó máa ń dín puff-puff fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí n má wo owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ nìkan, kí n wo òróró tó ń mu, torí ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ra ẹ̀rọ, àmọ́ òróró lèèyàn á máa rà títí. Wọ́n ní kó ní ọmọrí, kí abọ́ inú rẹ̀ ṣeé yọ fọ̀, kó sì jẹ́ kékeré, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń gbé. Wọ́n tún ní kí n pe àwọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín nǹkan kan. Mo dúpẹ́, mo ní mo ti gbọ́, Ma.

Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò kàn ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀ ni.

Mo rí àwọn kékeré tí Auntie ń sọ. Wọ́n dáa, wọn kò sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò wọ́n lórí fóònù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ibi iṣẹ́, mo já lu ìpolówó kan. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton fẹ́ ta àwọn ọjà tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ dànù. Fryer ńlá kan wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wáyà méjì ló ní, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó àwọn kékeré yẹn. Ọpọlọ tí wọ́n ń sanwó fún ní Meadowvale bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó tóbi jù, lówó tó kéré jù: kí lèèyàn tún ń wá?

Lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, mo wakọ̀ lọ sí Bolton. Ẹ̀rọ náà kò ní ọmọrí, kò ní ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, abọ́ inú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin. Ọkùnrin tó tà á fún mi tẹnu mọ́ ọn pé bí mo bá ti gbé e jáde, kò sí dídá a padà. Mo rò pé ó ti ń kábàámọ̀ pé òun tà á ní owó pọ́ọ́kú ni. Nígbà tí mo gbé e wọ lift ní condo mi, ilé alájà púpọ̀ tí mò ń gbé, obìnrin kan tó ń gbé ní àjà kan náà pẹ̀lú mi wò ó títí, ó sì bi mí bóyá ilé oúnjẹ ni mo fẹ́ ṣí. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé ó rí i.

Láti ìrọ̀lẹ́ Furaidé ni mo ti rẹ ẹ̀wà sómi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bíbó rẹ̀ gba gbogbo àárọ̀ mi. Ta ló mọ̀ pé èèpo wà lára ẹ̀wà tó báyẹn? Blẹ́ńdà mi sì ti darúgbó, kò gbà láti lọ̀ ọ́ àfi bí mo bá bu omi sí i, mo bá bu omi. Ó tún dúró, mo tún bu omi. Nígbà tí ẹ̀wà náà kúnná tán, ó ń ṣàn bí ògì tí mo fẹ́ fún wọn mu. Mo gé àlùbọ́sà àti ata rodo sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò. Ó dùn. Mo gbà pé ibi tó le ti kọjá.

Mo wá kọjú sí ẹ̀rọ. Ìgò òróró ńlá kan ni mo rà sílẹ̀, irú èyí tí mo máa ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo dà á sínú ẹ̀rọ náà títí tó fi tán, mo sì yọjú wò ó. Ìsàlẹ̀ nìkan ló bò. Àmì kan wà nínú abọ́ náà tí òróró kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù ú lọ, òróró mi sì jìnnà sí i gan-an. Ẹnu yà mí. Mo gbé ìgò náà, mo gbọ̀n ọ́n, mo tilẹ̀ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó jò. Kò jò. Ẹ̀rọ yẹn ló mu ún.

Yìnyín ti ń bọ́ níta, kò sì wù mí láti jáde lọ ra òmíràn. Mo bá rántí kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, tó wà lábẹ́ sínkì. Ṣebí epo pupa ni àwọn ìyá wa ń fi dín àkàrà tẹ́lẹ̀? Mo dà á mọ́ òróró náà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìgbà náà ló tó dé ojú àmì. Mo ki pulọ́ọ̀gì bọ ara ògiri, mo sì yí bọ́tìnì rẹ̀ dé ibi tó gbóná jù lọ, torí mo fẹ́ kó yá.

Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Mo ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n fèrèsé condo wa kì í ṣí ju ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà lọ. Alarm kékeré tó wà lókè pálọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gun àga, mo mú fìlà ìwẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù kan tí mo mú bọ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì, mo sì fi bò ó lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò láé. Alarm náà dákẹ́, mo sì kí ara mi kú ọgbọ́n.

Wọ́n ya àwòrán chips sí ara ẹ̀rọ náà, chips náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ wáyà, apẹ̀rẹ̀ sì wà nínú òróró. Èmi náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan sínú òróró, mo ń bu ẹ̀wà sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti ẹni tó ń dín àkàrà rí ti mọ ohun tí mo ṣe yìí. Inú òróró gan-an ni wọ́n ń bù ú sí, kì í ṣe inú ohun tó ní ojú bí asẹ́. Àmọ́ àwòrán ni mo tẹ̀ lé. Nígbà tí mo rí i pé àyè ṣì pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ náà, mo gbé abọ́ ẹ̀wà, mo sì da ìdajì rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Háà. Òróró náà ru sókè bí ọṣẹ, ó ń pariwo, ó sì kọjá etí ẹ̀rọ. Ó ṣàn sórí káńtà, ó ṣàn sílẹ̀. Mo fò sẹ́yìn, mo ké pe Jésù, mo sì na ọwọ́ fa pulọ́ọ̀gì yọ. Ohun kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání tí mo ṣe láti àárọ̀ nìyẹn, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde. Àkàrà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tóbi tó ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́, ó ti wọ gbogbo ojú wáyà náà, ó sì yọ sóde láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá fa àkàrà, apẹ̀rẹ̀ ló ń bá a wá.

Mo gbọ̀n ọ́n, kò já. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, kò gbọ́. Mo gbé e láti ilé ìdáná lọ sí pálọ̀, láti pálọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé níbi tí mo kó àwọn irinṣẹ́ mi sí, mo ń wá screwdriver tí mo lè fi yọ ọ́. Òróró ń kán láti ara apẹ̀rẹ̀ náà ní gbogbo ibi tí mo gbà, n kò sì fọkàn sí i, torí èéfín ti kún ojú mi. Mo ń rò ó pé ó ṣì ku wákàtí kan kí wọ́n dé, pé bí mo bá bẹ Auntie Fúnkẹ́, wọ́n lè bá mi dín díẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn.

Daddy àti Mummy ni. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo lẹ ti rí tó ń dé ibi tí wọ́n pè é sí ṣáájú àkókò? Daddy gbọ́ pé yìnyín máa pọ̀, wọn kò sì tíì ra winter tyres, torí wọ́n ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti ń tà á lówó tó dínkù, ni wọ́n bá tètè kúrò ní Brooklin. Mo ju apẹ̀rẹ̀ náà sórí tábìlì, mo nu ojú mi, mo ṣí ilẹ̀kùn. Èéfín ló kọ́kọ́ jáde lọ kí wọn.

Mo ní kí wọ́n wọlé. Mummy wọlé, wọ́n ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Daddy tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti bọ́ bàtà yìnyín wọn, torí kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọlé níbí. Tọ́pẹ́ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Daddy kórìíra ìdọ̀bálẹ̀ àbọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìsinsìnyí ń ṣe, kí wọ́n kàn tẹ̀ ba kí wọ́n sì fọwọ́ kan ilẹ̀. Tèmi gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Mo sún sẹ́yìn kí n lè rí àyè, mo sì da àyà délẹ̀ gbalaja.

Ibẹ̀ gan-an ni òróró ti kán sí jù. N kò dúró síbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Mo yọ̀, mo ń lọ, n kò sì rí ohun tí mo lè dì mú. Mo gbọ́ tí Mummy ní, “Yéè, ó ń bọ̀ o.” Orí mi gba abẹ́ ẹsẹ̀ tí Daddy gbé sókè kọjá, èjìká mi sì gbá èyí tí wọ́n fi dúró. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wúwo kan bà lé mi lẹ́yìn. Bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ló jókòó lé mi lórí, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́.

Mo ronú ohun tó yẹ kí n sọ.

“Ẹ káàbọ̀, Sir,” ni mo wí láti ilẹ̀.

Kí wọ́n tó dá mi lóhùn, alarm gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹnu ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí ni èéfín gbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, alarm ti ibẹ̀ kò sì dé fìlà. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ láti òkè pé kí gbogbo wa gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Lift ti dúró. Ìgbà náà ni mo rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún Mummy, àjà kẹsàn-án ni mo sì ń gbé.

Mummy ní kí àwa máa lọ, pé àwọn á jókòó. Daddy ní àwọn kò lọ síbì kankan láìsí ìyàwó àwọn. Títí di ìgbà yẹn, ojú ló ń tì mí; ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà mí gidi. Àwọn òbí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú èéfín nítorí àkàrà tí n kò mọ̀ ọ́n dín. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo bọ́ síwájú Mummy, mo sì lóṣòó.

“Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín, Ma.”

Mummy wo Daddy. Daddy wo ẹ̀yìn mi, wọ́n rò ó díẹ̀. Àwọn náà ṣáà ti jókòó lé e. “Gùn ún,” ni wọ́n wí.

Báyìí ni òbí méjèèjì ṣe gun ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ kan náà. Òróró tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi ń jẹ́ kí Mummy máa yọ̀ wálẹ̀, mo sì ń gbé wọn sọ sókè bí abiyamọ ṣe ń ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbàdúrà sí mi létí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ara wọn ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun, àṣé ẹ̀rín ni. Daddy ń bọ̀ lẹ́yìn wa, wọ́n gbé báàgì Mummy kọ́ èjìká. Ọmọdébìnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi ìyá rẹ̀ pé, “Mommy, why is he carrying that lady like a baby?” Ìyá rẹ̀ wò mí, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ.

Níta, gbogbo ilé ti dúró sínú yìnyín, àwọn kan dáṣọ òtútù bora, àwọn kan gbé ológbò mọ́ra. Obìnrin tó rí mi nínú lift lọ́jọ́sí wà láàárín wọn. Bó ṣe rí mi, ó mi orí, ó ti mọ ẹni tó ṣí ilé oúnjẹ. Àwọn panápaná dé, wọ́n gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé apẹ̀rẹ̀ wáyà mi dání, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, èkejì sì mú fìlà ìwẹ̀ lọ́wọ́.

“Whose is this?” ni ó bi wá.

Mo na ọwọ́ sókè. Ó bi mí ohun tó jẹ́, mo ní oúnjẹ ni. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí. Kò bá mi ṣeré lórí ọ̀rọ̀ fìlà náà rárá. Ó ṣàlàyé fún mi níwájú gbogbo èèyàn bí mo ṣe lè pa ara mi àti àwọn aládùúgbò mi. Mo dorí kodò bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó bá mi wí tán, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Mummy, tí wọ́n ti wá àga fún, na ọwọ́, wọ́n já etí rẹ̀ kan, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n sì ní iyọ̀ rẹ̀ tó. Mo wo Daddy. Láti ìgbà tí a ti kúrò lókè, wọn kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan.

“Òróró tó ń gbà ńkọ́?” ni wọ́n wí. “Díẹ̀ báyìí lo sọ fún mi.”

“Gbogbo èyí tó wà nílé ni, Sir,” ni mo dáhùn. “Àti epo pupa tí màmá mi fi ránṣẹ́.”

Mo na apẹ̀rẹ̀ náà sí wọn, bóyá wọ́n á jẹ bíńtín. Wọ́n mi orí, wọ́n mú Mummy lọ́wọ́, wọ́n rọra wọnú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ. Daddy kò jẹun nílé mi. Mo dúró sínú yìnyín títí mi ò fi rí iná ọkọ̀ wọn mọ́, àkàrà onírin lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò ṣeé ṣàlàyé. Mo ń nu òróró, mo ń nu omijé. Mo pe Daddy láti bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbé e. Tọ́pẹ́ pè mí, ohùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ó ní, “What did you do to my dad? He's not talking to anybody. He's just on his laptop.” Mo ní bóyá ọkọ mìíràn ni wọ́n ń wá fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò fi ṣeré, torí ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá páálí kan lẹ́nu ọ̀nà mi. N kò ra nǹkan kan. Mo ṣí i. Fryer kékeré ni, ó mọ níwọ̀n bí ìkòkò ọbẹ̀, ó ní ọmọrí, abọ́ inú rẹ̀ sì ṣeé yọ. Mo yí i sọ́tùn-ún sósì, mo ń wá ẹni tó fi ránṣẹ́, fóònù mi bá dún.

“Ó ti dé?” Daddy ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Sir. Wọ́n ní ìyẹn ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí àwọn wò, pé òróró tó ń gbà kò tó nǹkan, àwọn ti wò ó dáadáa. Wọ́n wá ní, “A ń bọ̀ ní Sátidé. A ò tíì jẹun.”

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pe Auntie Fúnkẹ́ kí n tó ṣe ohunkóhun. Mo fi apẹ̀rẹ̀ wáyà sílẹ̀ nínú páálí, mo bu ẹ̀wà tó ki dáadáa sínú òróró pẹ̀lú ṣíbí, mo sì yàgò fún epo pupa. Daddy jẹ àkàrà mi, wọ́n bu sí i, wọ́n ní ata rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n máa múra.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé kéèyàn bi ọjà ní ohun tó máa jẹ lẹ́yìn tó bá ti dé ilé, kó tó yọ̀ lórí iye tó rà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra fryer, ẹ ra èyí tó bá ìdílé yín mu, kí ẹ sì jẹ́ kí alarm yín wà láìdé fìlà. Ti Bolton ṣì wà ní bálíkònì mi, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ata rodo la ń gbìn sínú rẹ̀ nígbà ooru.

Lọ́jọ́ tí a lọ fún introduction ní Brooklin, tí pálọ̀ kún, wọ́n ní kí ọmọkùnrin tó wá tọrọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀. Mo tún agbádá mi ṣe, mo fẹ́ da àyà délẹ̀, ni Daddy bá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró ná. Mo rò pé wọ́n ti yí ọkàn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí àga wọn, wọ́n fi ìka ra ilẹ̀, wọ́n gbé ìka náà sókè, wọ́n wò ó. Wọ́n wá sún àga wọn sẹ́yìn, wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

“Ó yá,” ni wọ́n wí. “Máa bọ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀. N kò yọ̀ lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé mi, n kò sì lè dìde bọ̀rọ̀.